Táyà Tí Ẹ̀rọ Olówó Pọ́ọ́kú Ò Kà Sí

Ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ọ̀gá mi. Mi ò ní purọ́.

Àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́fíìsì wa wà. Áàpù la ń ṣe fún àwọn oníṣòwò, ẹ̀rọ AI ló sì ń bá wa kọ kóòdù rẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ ń lò gbọ́n gan-an, àmọ́ dọ́là la fi ń sanwó rẹ̀.

Bàbá mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló bá wa gba iṣẹ́ gáréèjì wọn ní Ọ̀yọ́: áàpù tí yóò máa pe ọkọ̀ tó kàn láti kó èrò. Kí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yẹn tó kọ ohunkóhun, ó bi mí pé bí dírẹ́bà bá kúrò nídìí ọkọ̀, ṣé ipò rẹ̀ ṣì wà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní gáréèjì yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lọ kírun yóò gbé táyà síwájú ọkọ̀ rẹ̀. Èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá táyà ẹnìkejì.

Iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì tí ọ̀gá fi pa ẹ̀rọ yẹn tì, ló bá gbé olówó pọ́ọ́kú wá. Ìyẹn ò béèrè nǹkan kan. Wàrà-wàrà ló kọ tirẹ̀ tán: ẹni tí kò bá dáhùn lórí fóònù, ẹ̀yìn ló ń lọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má gbé e jáde báyìí o. Ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

"Owó dọ́là ló máa pa èmi," ló fi dá mi lóhùn. "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́? A máa tún un ṣe tó bá yá."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mo sì wà níbẹ̀. Bàbá mi ló kàn. Ó gbé táyà kalẹ̀, ó lọ kírun. Nígbà tó fi máa dé, áàpù ti pe ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èrò sì ti kún ọkọ̀ onítọ̀hún.

Bàbá mi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú. "Sọ̀kalẹ̀! Ṣé o ò rí táyà mi ni?"

"Fóònù ló pè mí. Ẹ lọ bá fóònù jà!"

Ló bá di bó ò lọ o yà fún mi. Wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀, wọ́n ń fi ìgò gún ara wọn. Mo rí sípánà tó gòkè. Kí n tó dé ibẹ̀, ó ti ba bàbá mi lójú ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì bo jàlàmíà funfun tó fi kírun.

Ọ̀gá bá wa nílé ìwòsàn, ó gbé ọsàn dání. Ó ní òun ti padà sanwó ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yẹn. Áà! Mo fún un lọ́rùn, mo gbá a mọ́ ògiri, ọsàn fọ́n ká ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń pariwo, mi ò gbọ́.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá mi wí. Dókítà ti sọ fún wa pé ojú yẹn ò ní ríran mọ́. Ó yíjú sí ọ̀gá. "Èló ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yẹn bá yín dín kù lóṣù?"

Ọ̀gá sọ iye rẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Owó epo tí mo fi ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo fi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn."

Kò wa ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.