Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Gba Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Òórùn róòbù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá mi ní Òwu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ yẹn kì í rùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́fínńdà Jímọ̀ àti gbágùúdá tútù tí Bàbá ń kó bọ̀ láti oko Alábàtà la máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ìwọ náà mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ò gbà.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò dùn mọ́ mi rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wà nínú ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú nígbà tó yà bàrá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun àti Bàbá sí gọ́tà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe àwa ọmọ lórí fóònù pé ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, pé ká gba ọkọ̀ kó tó pa á. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì ti sọ̀rọ̀, àṣẹ ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wojú bàbá ẹni kó ní kí wọ́n má wakọ̀ mọ́? La bá pète pé kí èmi ní mo fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ túnṣe, kí n má sì gbé e padà.

Bàbá gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Jẹ́ ká jọ lọ." Wọ́n wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbọ́wọ́ lé itan, ni mo bá mọ ibi tí òórùn ti ń wá. Ọrùn ọwọ́ wọn ni wọ́n ń fi róòbù pa. Àánú wọn ṣe mí gan-an, torí àwọn náà ti gbà pé ọwọ́ àwọn ló ń ṣiṣẹ́ ibi.

A ò tíì dé Ìjẹmọ́ tí ọkọ̀ fi fà mí sọ́tùn-ún. Mo dá a padà, ó tún yà sósì. Mo di sítíárìn mú bí ẹni di àgbò Iléyá mú, Bàbá sì ń wò mí.

"Ṣé bó ṣe ń ṣe ìwọ náà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bí irọ́ tí mo pa ṣe di òótọ́ nìyẹn, mo yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìjẹmọ́. Ọkùnrin náà wo táyà, ó ní kí Bàbá jókòó sídìí sítíárìn, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. "Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, Bàbá. Sọ́tùn-ún. Ẹ dá a padà." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Irin gbọọrọ tó ń darí táyà iwájú ń sún lọ sún bọ̀ kí táyà tó mira rárá, torí rọ́bà tó yẹ kó dì í mú ti jẹ.

"Búṣì ti tán," mẹkáníìkì sọ. "Irin ò ríbi dúró sí mọ́."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi?" Ohùn Bàbá kéré.

"Ọwọ́ wo, Bàbá? Ọwọ́ yín ló ń gba ọkọ̀ yìí là látọjọ́ yìí!"

Ojú mi ṣomi díẹ̀, mo díbọ́n pé eruku ni. Mẹkáníìkì tú irin náà, ó yọ rọ́bà àtijọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, rọ́bà náà sì rún bíi kúlíkúlí. Ó fi omi ọṣẹ pa tuntun kó lè wọlé, ó de bóòtù le. Gbogbo àwa ọmọ ti ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bàbá ló wà wá délé, ọkọ̀ sì ń lọ tààrà.

Wọ́n wà á fún ọdún díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni wọ́n fúnra wọn na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ojú mi ò ríran dáadáa nírọ̀lẹ́ mọ́. Máa gbé e lọ." Wọn ò bínú, wọn ò sì bara jẹ́. Ká ní a ti já a gbà lọ́jọ́sí ni, Bàbá ì bá gbà títí ayé wọn pé ọwọ́ àwọn ló kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ogbó á dé tó bá yá, ṣùgbọ́n kò yẹ ká tìtorí rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ rọ́bà sí èèyàn lọ́rùn.