Òdòdó Tó Tóbi Bí Ìlẹ̀kùn

Ẹni tó bá ń ka àwọn tó mọ ọ̀dà lò, tí kò tíì kàn mí, kó tún un kà. Mi ò lọ ilé-ìwé kankan nítorí ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi ní pátákó ṣọ́ọ̀bù kíkọ, tó fi di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Pátákó.

Lọ́jọ́ Ajé kan, onílé wọn ní òun fẹ́ mọ odi tuntun, pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á hú igi òdòdó pupa tí ìyàwó àbúrò mi gbìn sẹ́yìnkùlé.

"Ọ̀gá Pátákó," ìyàwó ní, "gbogbo ayé lẹ ń ya nǹkan fún. Ẹ ya tèmi kí wọ́n tó hú u. Kó tóbi bí ìlẹ̀kùn."

Bébà ńlá kan ṣoṣo la rí rà, pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò. Òdòdó tó là láàárọ̀ á ti ká jọ nírọ̀lẹ́ bí agboòrùn. Ti ọjọ́ kejì kò sì ní jọ ọ́. A fi okùn wọn ewé pupa rẹ̀ márààrún, a sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Kòkòrò ti jẹ ihò sára òdòdó Ọjọ́rú tí à ń wò yà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ya ihò yìí?"

"Yà á! Èmi ń rí eyín kòkòrò náà pàápàá."

Wàhálà dé lọ́jọ́bọ̀. Lórí pátákó, a máa ń kun pupa kárí, ká tó fi funfun lé ibi tó ń dán. Ohun tí àbúrò mi ṣe náà nìyẹn. Funfun bá di àwọ̀ àlùbọ́sà! Ó tún un kùn, ó tún burú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ní kò sí ọ̀dà tẹ́ ẹ ò mọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni kò mọ̀ mí."

Ìyàwó gbé omi mímu wá fún wa. Ẹ̀kán kan já bọ́ láti ara ife sórí pupa. Àbúrò mi pariwo, ó fi etí ẹ̀wù tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ ti funfun báláú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ba wò ó. Ó tún kán omi sórí àwọ̀ àlùbọ́sà, ó tẹ̀ ẹ́: funfun! Àṣé abẹ́ ọ̀dà ni funfun wà látàárọ̀, ara bébà. Mo kúkú ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe ń hú igi lẹ́yìnkùlé, ìyàwó dúró níwájú àwòrán, ó fi ìka kan ihò kòkòrò.

"Òun ni," ó ní. "Òdòdó mi gan-an ni."

Ẹ ṣáà rántí ẹni tó ní kí wọ́n ya ihò náà.