Èkùrọ́ Márùn-ún Lórí Òkìtì Iṣu Méjì

Kékeré ni mo wà nígbà tí bàbá mi kọ́ mi ní ìṣirò, kì í sì í ṣe lórí pátákó. Nínú ọgbà iṣu wa ni, ní ìlú kékeré kan láàrin Arámọkọ àti Ìjerò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣu ní mẹ́ta mẹ́ta lónìí lè má mọ̀ pé bàbá mi kì í ka iṣu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún ogún ni ó ń kó wọn jọ ní òkìtì. Òkìtì tí kò bá pé ogún, yóò fi èkùrọ́ kan lé e lórí fún iṣu kọ̀ọ̀kan tí ó dín. Bí ó bá fẹ́ mọ iye iṣu rẹ̀, yóò ka òkìtì, yóò ka èkùrọ́, yóò sì yọ èyí kúrò nínú ìyẹn. Kí eyín iwájú mi tó ká ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n wá fi mí sí ilé-ìwé. Ní ọdún kejì, tíṣà wa ní kí a ro ẹ̀tàdínlógún pọ̀ mọ́ eéjìdínlógún. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí òkìtì méjì lọ́kàn mi, èkùrọ́ mẹ́ta lórí ọ̀kan, méjì lórí èkejì. Ogójì ni, mo yọ márùn-ún. Mo kọ márùndínlógójì sórí síléètì mi, mo sì gbé e sókè ṣáájú gbogbo kíláàsì.

Tíṣà wò ó. "Iṣẹ́ tí o ṣe dà?"

"Orí ni mo fi ṣe é, sà."

"Orí tí ó rí bí àgbọn gbígbẹ yìí?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ katikíìsì ni ó jókòó tì mí, ó sì mọ̀wé. Tíṣà ní tirẹ̀ ni mo jí wò. Bí ẹni tí ó kọ́kọ́ parí ṣe lè jí ti ẹni tí kò tí ì parí wò, títí di òní n kò rí ẹni tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó nà mí ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo ilé-ìwé, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé dúdú tí wọ́n ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí.

Mo sunkún dé ilé, mo sì rò pé bàbá mi yóò gbèjà mi. Bàbá mi, ẹni tí ó kọ́ mi, tíṣà ni ó gbà gbọ́. Ó ní, "Ìṣirò oko kò lè jẹ́ ìṣirò ìwé." Láti ọjọ́ náà, Jíwèéwò ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, lójú odò àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọdún tó parí, mo fi ilé-ìwé sílẹ̀. Bíbélì ni mo fi kọ́ ìwé kíkà nígbà tí mo dàgbà.

Ní sáà tí ó kọjá, àwọn olùwádìí méjì wá láti yunifásítì sí ilé-ìwé yẹn gan-an. Wọ́n ní àwọn ń wo bí àwọn ọmọ kékeré ṣe ń kọ́ ìṣirò, wọ́n sì pe àwa òbí kí a wá wò ó. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ìbéèrè, ó sì kó èkùrọ́ jáde nínú àpò. Olùkọ́ rẹ̀ na ọwọ́ láti gbà á.

Olùwádìí obìnrin ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Ọmọ dáadáa, báwo ni o ṣe rí i?"

Ọmọ náà ṣàlàyé òkìtì àti èkùrọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ nílé. Wọ́n ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà tí ó dára púpọ̀ ni. Inú mi dùn fún un, ṣùgbọ́n ìbínú gbé mi dìde. Ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yìí ni wọ́n nà mí fún.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ìwé dúdú náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, eku ti jẹ etí rẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n kọ olè tì í.

"Bàbá, tíṣà náà ti kú. Ta ni ẹ fẹ́ kí a mú?"

"N kò ní kí ẹ mú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìdáhùn náà tọ̀nà, àti pé tèmi ni."

Ó ní àfi kí òun gba àṣẹ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Mo bi í pé àṣẹ ta ni tíṣà gbà kí ó tó pè mí ní olè. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí ọ́fíìsì náà, èsì kò wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà, n kò jiyàn. Síléètì ti lọ, iṣu tí ó pé ogún lójú kan ti di ohun àpéwò, wọ́n sì ti ń bi ọmọdé léèrè bí ó ṣe rí ìdáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó mú pàṣán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kan wà nínú ìwé dúdú yẹn tí ẹnikẹ́ni kò tí ì bi léèrè. Bí wọ́n bá bi mí lọ́la, ìdáhùn mi kò tí ì yí padà: òkìtì méjì ni, èkùrọ́ márùn-ún ni, n kò sì wo síléètì ẹnikẹ́ni.