Awó Tí Kò Da Tíì

Ẹ fà mọ́ra, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè ráyè jókòó. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn, àmọ́ ó ti pẹ́ lọ́kàn mi.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń mọ ìkòkò tíì. Kì í ṣe ìkòkò lásán o: ẹyẹ ni, ẹja ni, obìnrin tó kúnlẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, tó lọ́kọ sí òdìkejì bọ́dà, lẹ́yìn Ẹ̀gùá, ló ń mọ ikùn. Èmi ní Ìláró ni mò ń mọ ọrùn àti ẹnu tí tíì ń gbà jáde. Tútù ni ikùn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi, nínú aṣọ tó rin, kí ọrùn tútù lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀kan bá gbẹ ṣáájú èkejì, iná ni yóò tú wọn ká.

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe bàìbàì. Ó pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò mi, awó kan ni mo mọ yìí, ó sàba lórí ẹyin. Òun ló kẹ́yìn o. Ojú mi ò gbé e mọ́."

Ó gbé e fún ọlọ́kadà tó máa ń bá wa gbé ikùn kọjá. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá a dúró, wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi lọ bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, kóńgò ìrẹsì mélòó lẹ kó sínú ẹyẹ yìí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, bó o bá rí horo kan níbẹ̀, jẹ ẹ́ ní tútù lójú mi."

Ó kúkú ki ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ò sí nítòsí, kí n padà wá. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ti gbẹ gan-gan.

Mo mọ ohun tó yẹ: kí n gún un padà di amọ̀. Àmọ́ ta ni yóò gún iṣẹ́ àṣekẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Èékánná ló fi fa ìyẹ́ sí i lára, kò sí méjì tó jọra. Mo fi omi rin ín, mo lẹ ọrùn mọ́ ọn, mo sun ún. Nígbà tí mo wa eérú kúrò, ikùn wà níhìn-ín, orí wà lọ́hùn-ún.

Ó pè lọ́jọ́ kejì.

"Ṣé ó da tíì?"

"Ó dà á, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tilẹ̀ kán sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "O rí i? Wọ́n ní mo ti fọ́jú!"

Wọn ò tí ì ṣí bọ́dà tí ẹ̀gbọ́n mi fi kú. Ọ̀nà oko ni mo gbà lọ síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, a pín ẹrù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń wa amọ̀. Wọ́n fún mi ní òkúta tó fi ń dán ìkòkò. Awó aláìlọ́rùn wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ọmọ yẹn ò béèrè rẹ̀ rí. Irọ́ mi ló jogún. Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní èyí tí ìyá òun mọ kẹ́yìn wà ní Ìláró, pé ìkòkò náà ni mo fi ń mu tíì láràárọ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.