Apẹja Tí Mo Ní Kò Níye Lórí

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ìjì dojú ọkọ̀ apẹja kan dé lórí ọ̀sà. Ìwé ìròyìn Yorùbá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú ló rán mi lọ. Rájì nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà, wọn kò sì tíì rí òkú rẹ̀. Mo bá àwọn tó ṣojú wọn sọ̀rọ̀ létí omi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó ń fa àwọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ dé. A pè é. Ó juwọ́ sí wa, bíi pé òun ń bọ̀." Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo sì forí lé ilé olóògbé.

Sìfáwù, ìyàwó rẹ̀, jókòó lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin ilé, oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù méje. Mo kí i kú ìrọ́jú, mo sì sọ orúkọ mi àti ti ìwé ìròyìn wa. Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tí akọ̀ròyìn máa ń béèrè: "Ǹjẹ́ ẹ ní fọ́tò rẹ̀ tí a lè tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn?"

Ó wò mí títí. "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń díye lé káàdì sìgá?"

Mo ní èmi ni.

"Inú káàdì ni fọ́tò rẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká tẹ́ ẹ sídìí ìkòkò."

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950 yẹn, ilé iṣẹ́ kan máa ń fi káàdì kékeré sínú páálí sìgá, àwòrán àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ló sì wà lára rẹ̀: alágbẹ̀dẹ, aláró, ahunṣọ, apẹja. Àádọ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kó o pé yóò fi ránṣẹ́, yóò sì gba aago ògiri. Télọ̀, dírẹ́bà, tísà, gbogbo wọn ló ń kó o jọ, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń jà lé e lórí. Ṣé aláró méjì ló tó alágbẹ̀dẹ kan ni àbí mẹ́ta? Olóòtú wa rí i pé ìjà yìí lè mú ọjà tà. Ó ní kí n máa kọ iye tí káàdì kọ̀ọ̀kan tó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé aláró ga nítorí pé ó jọ àbúrò ìyá mi. Télọ̀ kan kó aláró méjìlá wá sí ọ́fíìsì, ó ní kí n wá fi alágbẹ̀dẹ mẹ́fà gbà á. Ọjọ́ yẹn ni mo sá tọ Bàbá Làmídì lọ, arúgbó tó ń ta sìgá ní Ìtamága.

Ó gbé káàdì kan lé mi lọ́wọ́. "Akọ̀wé, má wo àwòrán. Wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá ti tẹ̀, iye rẹ̀ ti dín. Bó ti wù kó lẹ́wà tó, bó bá ti pọ̀ nílẹ̀, kò níye lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi gègé kan ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó kú nìyẹn. Lọ sin ín."

Apẹja ló pọ̀ jù nílẹ̀: ọkùnrin kan tó ń ju àwọ̀n, tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tí kò ní tó márùn-ún. Àwọn òǹkàwé kò yé béèrè iye tó tó. Lọ́sẹ̀ kan, àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ojú ewé mi, mo bá kọ ọ́ síbẹ̀: "Apẹja: ẹ tẹ́ ẹ sídìí ìkòkò omi." Gbogbo Ìkòròdú rẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọkùnrin inú àwòrán náà ní ilé àti orúkọ.

Sìfáwù sọ ìyókù fún mi. "Onífọ́tò kan wá sétí omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yà á, kò béèrè orúkọ. Nígbà tí káàdì jáde, inú ọkọ mi dùn. Ó kó bí ogún jọ, ó ń fi han àlejò. Ìgbà tí ìwé ìròyìn yín dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìdí Ìkòkò. Bó bá ti yọ, wọ́n á ní, 'Ìdí Ìkòkò, ṣé omi ò tíì kán sí ẹ lórí?' Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò."

Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ẹni tó ń bọ̀ yìí ò ní mọ ojú rẹ̀. Sàréè pàápàá ò sí tí a óò fi hàn án."

Mo padà sílé láti wá káàdì náà fún un. Mo rò pé àárọ̀ ọjọ́ kan ti tó láti rí apẹja kan ní Ìkòròdú. Irọ́ ni. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Télọ̀ tó ni aláró méjìlá ní, "A ti fi dáná, ọ̀gá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò níye lórí?" Ní Ìmọ̀ta, obìnrin kan bá mi gbé ìkòkò omi rẹ̀ sókè. Káàdì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Omi ti jẹ ẹ́. Àwọ̀n ṣì hàn, ojú ti lọ. Àwọn tí ẹyọ kan ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ sì fẹ́ fi pé àádọ́ta. Tísà kan sọ fún mi pé, "Ẹ padà wá nígbà tí mo bá ti gba aago."

Mo ròyìn fún Bàbá Làmídì. Àádọ́ta káàdì tirẹ̀ ti pé, ó ti dì í kalẹ̀ láti fi ránṣẹ́. Ó tú u, ó yọ apẹja, ó fi bébà wé e.

"Bàbá, aago yín ńkọ́?"

"Mò ń gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́ṣáláṣí. Aago wo ni mo tún ń wá? Má jẹ́ kí igun rẹ̀ tẹ̀."

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Sìfáwù. Ó sún un mọ́ ojú. "Eyín rẹ̀ tó kán nìyí," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó yí i padà.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Apẹja."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sí i."

Mo yọ gègé mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Làmídì lórí káàdì tí gègé bá kàn. Mo kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí tàdáwà má baà tàn: Rájì Àkànní, ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó wá gbé káàdì náà lé ikùn rẹ̀, ó ní kí n tún un kà.