Oró Tí Ẹ̀wù Irin Kò Dín Kù

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀wù Irin. Inú géèmù tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ ń gbá nírọ̀lẹ́ ló ti gba orúkọ náà, nítorí pé irin ló máa ń dì mọ́ jagunjagun rẹ̀ látòkè délẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò sí ohun tó mọ̀ tí kì í sọ di ìwàásù.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí kí àrùn ìbàdí tó dá a jókòó. Láti ìgbà tí kò ti lè rìn jáde nílé mọ́, tafàtafà kan ló ń tọ́ nínú géèmù, òun ló fi ń la igbó, tó fi ń gun òkè. Bí jagunjagun ẹni bá sì kú nínú géèmù yẹn, ó kú pátápátá nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ní ẹnu ihò ejò nínú géèmù, Ẹ̀wù Irin ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi òrùka apa-oró rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹ̀wù irin tó nípọn. Ẹ̀gbọ́n bi í bóyá ẹ̀wù yẹn á dín oró kù. Ó fọwọ́ sọ̀yà. Òun ti fi iná dán an wò: bí ẹ̀wù bá ti dín iná kù, jíjó tó ń tẹ̀ lé e náà á kéré. Ta ló fẹ́ kọ́ wẹ́dà ní ọ̀rọ̀ iná?

“Iná kọ́ ni mò ń bi ọ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Oró ni.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n gbà, ó bọ́ òrùka lọ́wọ́ tafàtafà rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀wù irin wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Agbára iná tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ̀wù ti gba tirẹ̀ ni géèmù yẹn fi ń ṣírò jíjó. Ní ti oró, gbogbo agbára tí ejò fi buni jẹ ló ń lò, bí ẹ̀wù tilẹ̀ gbà á. Nígbà tí ejò bu tafàtafà jẹ, ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín rárá, Ẹ̀wù Irin sì ti ń yọ̀. Àfi bí oró ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀mí náà díẹ̀díẹ̀, tí kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n ń wá òrùka tí kò sí níka mọ́, títí tafàtafà fi ṣubú, tó kú.

Kò bú àbúrò rẹ̀. Ó rọra gbé páàdì tó fi ń gbá géèmù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì yíjú sí ògiri. Ì bá sàn kó bú u.

Ẹ̀wù Irin ṣì ń lọ kí i tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé. Àbámọ̀ kì í jẹ́ kó jókòó pẹ́. Nígbà kan ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ tọ́ tafàtafà mìíràn, pé òun kò ní dá sí i mọ́, ohun tó bá wù ú ni kó wọ̀ fún un.

“Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rìn, àbúrò mi,” ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. “Mi ò lókun láti tún ìrìn kọ́.”