Òkúta Wẹ́wẹ́ Orí Páànù

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kan páànù tó ti gbóná láti àárọ̀, òórùn ìpẹtà àti eruku máa ń ti orí ilé sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ òórùn yẹn ní Ìwó, àárín eyín mi òkè ni ahọ́n mi máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, bíi pé ó ń wá ẹnìkan níbẹ̀. Má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi, ó nídìí.

Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é lọ́mọdé. Bí eyín rẹ bá ká, wàá ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó jẹ́ iye ọdún rẹ, wàá pa wọ́n pọ̀ mọ́ eyín náà, wàá sì jù wọ́n sórí páànù kí alángbá tó rí ọ. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí eyín iwájú mi ká. Ìyá àgbà, tí wọ́n bí ìyá mi, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa láti ìgbà tí wọ́n ti fi oko Olúpọ̀nnà sílẹ̀, ka òkúta méje sí mi lọ́wọ́. Ìyá àgbà ní èjí, èjí gidi, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, àwọn ọkùnrin arúgbó ṣì ń wẹ̀yìn. Èmi náà sì fẹ́ tèmi kíákíá. Bí wọ́n ti yíjú báyìí, mo bu ẹ̀kúnwọ́ òkúta kún un, mo ju gbogbo rẹ̀ sókè.

Eyín náà hù lóòótọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀kan tún yọ orí láàárín àwọn méjì iwájú, kékeré, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ibi tí mo fi sílẹ̀ fún èjí gan-an ló jókòó sí. Ìyá àgbà pè é ní eyín àlejò, wọ́n ní àlejò kì í dúró títí. Ó dúró o. Àwọn ọmọ agbo ilé wa bá sọ mí ní Ilé Àlejò. Orúkọ yẹn kò dùn mí tó bí ẹ̀rù ti ń bà mí, torí n kò ka òkúta tí mo bù kún un. Bí ọ̀kan bá ti hù, ìyókù ńkọ́? Láràárọ̀ ni mò ń fi ìka wá wọn kiri erìgì mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ilé kéú ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le. Mo ti fẹ́ẹ̀ parí Kùránì, wòlímọ̀ mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi tilẹ̀ ti ra aṣọ funfun, ṣùgbọ́n n kò lè ka ohunkóhun láìfi etí híjáàbù bo ẹnu. Lọ́jọ́ kan Àáfà wa gbójú sókè. "Ọlọ́run ń gbọ́ ẹ," ni wọ́n wí, "àwa la ò gbọ́. Bí ọwọ́ yẹn ò bá kúrò lẹ́nu, wàá dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn o." Mo sunkún délé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá àgbà mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Ìbàdàn, obìnrin tí ń kọrin lábẹ́nu bó ti ń fọwọ́. Dókítà wo ẹnu mi, ó ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó wá ní kí n fa èjìká mi méjèèjì wá síwájú bóyá wọ́n á pàdé. Ìyá àgbà fò dìde.

"Dókítà, eyín la gbé wá o! Kí lẹ fẹ́ fi èjìká ọmọ ṣe?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní àìsàn kan wà tí kò wọ́pọ̀ rárá, a máa ń bí i mọ́ni ni. Ẹni tó bá ní i lè má ní egungun tó dábùú lábẹ́ ọrùn, èjìká rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé níwájú, eyín á sì máa hù lé eyín lẹ́nu rẹ̀. Tèmi kò pàdé. Ó ní eyín kan ṣoṣo ló lé lẹ́nu tèmi, kò sì sí ohun tí mo ṣe tó fi hù.

"Ìyókù ńkọ́, mà?" ni mo bi í.

"Ìyókù wo?"

Ni mo bá bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ òkúta. Dókítà fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá gbé fọ́tò náà sí ìmọ́lẹ̀ kí èmi fúnra mi wá òkúta níbẹ̀. Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọdún mẹ́rin," ni wọ́n wí, "ìwọ nìkan lo ń dá gbé èyí?"

Abẹ́rẹ́ ló dùn mí, fífà eyín náà kò tó nǹkan. Nígbà tí a délé, Ìyá àgbà ní kí n jù ú sórí páànù. Mo na ọwọ́ fún òkúta. "Èyí ò gba òkúta," ni wọ́n wí. "A ò fẹ́ kó padà wá."

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo kàwé. Ibi tí àlejò ti dìde ti di èjí, afẹ́fẹ́ sì ń fọn fèrè díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin, Ìyá àgbà la ẹnu gbàgà, wọ́n ń na ìka sí èjí tiwọn, kí gbogbo èrò lè mọ ẹni tí mo jọ.

Lóṣù tó kọjá, eyín ọmọ mi obìnrin ká. Mo mọ̀ pé òkúta kì í hu eyín, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti lọ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò kà á fún un. Mo ka mẹ́fà sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá ó ní nǹkan tó fẹ́ sọ fún mi. Ó wò mí títí, ó wá la ọwọ́ kejì tó fi pamọ́ sẹ́yìn: òkúta kún ibẹ̀. Ká ní ẹnìkan bi mí ní irú ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ tèmi, ǹ bá má dá ẹrù yẹn gbé fún ọdún mẹ́rin. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, a rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ó da ti ọwọ́ kejì sílẹ̀. Mẹ́fà péré ló lọ sórí páànù.